Bàbá, Wọ́n Fẹ́ Gbé Yín Kúrò Létí Odò

Bàbá mi tí àárò yín ń sọ mí,

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀. Etí òkun ni mo wà báyìí, lórí ẹní tí Fúnmi tẹ́ fún mi lábẹ́ igi àgbọn, mo sì ti dìde lórí ẹní yìí tó ìgbà tí ẹni tó bá ń wò mí lókèèrè á fi rò pé èèrà ló ń jẹ mí. Bí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n. Bí mo bá dìde, n kò mọ ibi tí mo ń lọ. Ẹ má dá mi lẹ́bi, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti jogún rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jẹun lórí ìdúró, tí ẹ máa ń gbé àwo yí ilé ká, tí Màmá á máa fi omi ìfọwọ́ tẹ̀lé yín kiri, ta ni ẹ fẹ́ kí n jọ?

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ̀rọ̀ náà, kí n má bàa máa yí i po. Wọ́n fẹ́ hú yín, Bàbá. Bùọ̀dá Dàpọ̀ àti àwọn ẹbí ti fẹnu kò pé kí wọ́n gbé yín kúrò nínú àgbàlá ilé yín létí odò, kí wọ́n gbé yín lọ sí ìlú wa ní Ìjùmú, kí odò Ọya tó tún kún wọlé. Èmi nìkan ni wọ́n ń dúró dè. Bùọ̀dá ní èmi ni mo ta kú lọ́jọ́sí pé Lọ́kọ́jà ni kí wọ́n sin yín sí, torí náà, èmi ni kí n fi ẹnu ara mi tú ohun tí mo fi ẹnu mi dì. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì mi. Òní ni Ọjọ́ Ẹtì, n kò sì tíì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ni mo wá dé etí òkun. Fúnmi ọmọ mi ló bímọ. Fúnmi yín, tó máa ń jí ẹ̀pà nínú àpò yín, ó ti lọ́kọ, ó ti bí obìnrin. Ọmọ Kàbà ló fẹ́, ẹ má bínú. Mo mọ ohun tí ẹ máa ń sọ nípa àwọn ará Kàbà, ṣùgbọ́n Kúnlé dára lọ́mọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlàyé rẹ̀ máa ń gùn. Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé e dé Mọ̀ḿbásà ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ibẹ̀ ni mo sì wá bá wọn kí n lè máa wẹ ọmọ, kí n máa fi omi gbígbóná jó ikùn ìyá rẹ̀. Ọmọ náà gbé iwájú orí yín wá, ó yọ gọngọ. Bí mo bá ti ń da omi sí i lára, tó bá ń ké, n ó máa wo iwájú orí yẹn, n ó sì rántí pé ẹnì kan ní Lọ́kọ́jà ń dúró de èsì mi. Omi á sì máa tutù nínú báàfù.

Ẹ kò mọ gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ilé látìgbà tí ẹ ti lọ. Àbí ẹ mọ̀ ọ́n? Odò tó jẹ́ pé ẹ máa ń jókòó wò níwọ̀n ara rẹ̀, kò sí níwọ̀n ara rẹ̀ mọ́. Lọ́dún kan ó dé ojú gọ́tà, a pa á lẹ́rìn-ín. Lọ́dún mìíràn ó wọ inú pálọ̀, ó gbé àga yín léfòó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Lọ́dún tó kọjá, ó dé ojú fèrèsé. Gbogbo àwọn aládùúgbò lẹ́yìn Old Market ti kó ẹrù sórí òrùlé. Bàbá, ṣé ẹ mọ ohun tí ìyàwó yín ṣe? Ó lọ tú okùn tí wọ́n fi ń sá aṣọ, ó fi so sàréè yín mọ́ igi fúrúùtù. Ó yí okùn náà ká síméńtì, ó ta á ní kókó lórí kókó, kí omi má bàa gbé yín lọ. Ọmọ Nupe kan tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn ènìyàn ló wá bá a níbẹ̀, omi ti dé ìbàdí rẹ̀.

“Haba, Màmá! Òkú kì í lúwẹ̀ẹ́,” ni ọmọ náà ń pariwo. “Enter boat, abeg!”

Bùọ̀dá ló sọ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́, lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà. Nígbà tí omi fà, a rí i pé táìlì tí a fi bo sàréè ti ṣí kúrò, ẹ̀gbẹ́ kan ti rì. Okùn náà ṣì wà níbẹ̀ ṣá. Màmá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u.

Bùọ̀dá ti kun yàrá kan fún un nínú ilé tó ń gbé ní Lokongoma, lápá òkè Lọ́kọ́jà. Ó ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, ó ra fáànù. Lálẹ́ ọjọ́ mìíràn Màmá á lọ síbẹ̀, á jẹun, á gbàdúrà fún gbogbo ilé. Kí wọ́n tó jí, á ti dá kẹ̀kẹ́ dúró, á ti padà sílé. Ó ní òun kò lè fi ọkọ òun sílẹ̀ fún ẹja. Kí la fẹ́ sọ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Òjò ọdún yìí sì ti ń gbára jọ, gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé tọdún yìí á ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Bí omi bá bá a nínú ilé yẹn lóru lọ́dún yìí, Bàbá, ọmọ Nupe yẹn lè má sí nítòsí.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Wọ́n ní bí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, òun náà á kúrò. Mo gbà pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ sọ pé ẹ kò kúrò.

Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. Ẹ ń jẹ iyán, lórí ìdúró náà ni, ẹ ti dé ẹnu fèrèsé. Ẹ fi ọwọ́ tí ọbẹ̀ wà tọ́ka sí abẹ́ igi fúrúùtù, ẹ ní ibẹ̀ yẹn ni kí a sin yín sí, kí a má ṣe gbé yín lọ sórí òkè ibi kankan, nítorí gbogbo ayé yín lẹ fi wa katapílà ní ọ̀nà igbó orí òkè, ẹ ti rí òkè tó. Gbogbo wa la gbọ́. Bùọ̀dá wà níbẹ̀, ó ń bu ẹ̀fọ́ ni. Nígbà tí ọjọ́ dé, tí àwọn àgbààgbà wá láti Ìjùmú pẹ̀lú ọkọ̀, tí wọ́n ní ọmọ ọkọ kì í sùn sí ìdálẹ̀, èmi ni mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ tí bàbá ẹni bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, ọmọ kì í yí i. Wọ́n pè mí ní alágídí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ilẹ̀ bò yín, inú mi dùn pé mo ṣe ohun tí ẹ fẹ́, mo sì ń fi yangàn títí di ọdún tó kọjá.

Mo mọ ohun tó mú yín fẹ́ràn ibẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ara yín máa ń gba àga nìyẹn, ẹ ó ki ẹsẹ̀ bọ abọ́ omi gbígbóná, ẹ ó máa wo ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tí odò méjèèjì ti pàdé, tí ọ̀kan pọ́n tí ọ̀kan ṣú, tí wọ́n ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí wọn kò tètè dàpọ̀. Ẹ máa ń sọ pé ìyàwó àti ìyálé ni wọ́n, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n inú ilé kan náà ni wọ́n ń lọ. Ṣé ẹ ṣì ń rí i níbi tí ẹ wà yẹn? Ṣé ojú yín kọ sí odò, àbí a dojú yín kọ ibòmíràn nígbà tí a ń sin yín? N kò wò ó lọ́jọ́ náà. Ẹkún kò jẹ́ kí n wò ó.

Láàárọ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ tún wá yí padà. Mo ti ń rìn káàkiri ilé àwọn Fúnmi láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́, láti ilé ìdáná dé yàrá, láti yàrá dé bálùkónì. Mo ti gbá ilẹ̀ tí wọ́n gbá tán.

“Mọ́mì, ẹ ti ń kó ẹ̀fúùfù bá ọmọ,” ni Fúnmi wí. “Ẹ wọ bàtà yín. Ẹ jẹ́ ká lọ wo òkun, bóyá ara yín á balẹ̀.”

Bàbá, ẹ kò rí òkun rí. Èmi náà, n kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Mo mọ Ọya, mo rò pé mo mọ omi. Irọ́ ni. Òkun kò ní òdìkejì. Ibi tó yẹ kí ẹ ti máa wo ilé àwọn ẹlòmíràn, ojú ọ̀run ló wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gbá gèlè mi kiri, koríko òkun sì kún gbogbo iyanrìn, ó ń rùn bí ẹ̀fọ́ tó sùn sínú ìkòkò. Ẹ̀rù bà mí, mo sì dúró jìnnà. Ṣùgbọ́n ohun kan yà mí lẹ́nu. Ariwo ìgbì omi náà kò wá láti ẹsẹ̀ wa. Ọ̀ọ́kán lọ́hùn-ún ló ti ń wá, níbi tí ilà funfun kan fà gbọọrọ lójú omi, ìgbì á gbéra gìrìgìrì láti àárín òkun, á dé ibi ilà yẹn, á fọ́ túútúú. Láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, omi náà rọlẹ̀ bí omi inú báàfù ọmọ. Àwọn ọmọdé ń jókòó sínú rẹ̀.

Mo bi Kúnlé pé ta ló dá omi náà dúró. Ọmọ Kàbà ti rí ẹni tó fẹ́ gbọ́ àlàyé. Ó ní iyùn ni. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Iyùn tí mo mọ̀, ọrùn ìyàwó ló ń gbé. Ó ní irú rẹ̀ ni, pé ẹbí kan náà ni wọ́n, pé inú òkun ni gbogbo wọn ti wá, àti pé ohun ẹlẹ́mìí ni iyùn. Ó ní gbogbo ògiri tó wà lábẹ́ omi lọ́hùn-ún, àwọn ohun kéékèèké tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ló mọ ọ́n, àti pé bí òkun bá fà sẹ́yìn tó bó ṣe ń fà yẹn, a lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀.

Mo rìn dé ibẹ̀, Bàbá! Fúnmi bá mi gbé bàtà rọ́bà wọ̀, ó pọn ọmọ tẹ̀lé wa, Kúnlé di ọwọ́ mi mú, mo ká ìró mi dé orúnkún. Àwọn obìnrin ibẹ̀ náà wà lójú omi, wọ́n ká aṣọ bíi tèmi, wọ́n ń fi igi gún ihò àpáta, wọ́n ń wá ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan tó ń sá pamọ́. Wọ́n kí mi ní èdè wọn, mo ní “Ọ̀kún o!” Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Omi náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rí èékánná ẹsẹ̀ ara mi. Iyùn náà wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi, òmíràn rí bíi ṣàkì màlúù, òmíràn ya ẹ̀ka bí ìwo àgbọ̀nrín, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n, ó fẹ́ dà bí èsè àlùkò. Ẹja kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè ń wọlé, wọ́n ń jáde. Nǹkan dúdú kan tó ní ẹ̀gún jákèjádò ara bí òòrẹ̀ jókòó sínú ihò, Kúnlé ní kí n má ṣe tẹ̀ ẹ́. Ojú mi wọ iyùn náà, ọwọ́ mi kò sì lè dákẹ́, mo ti na ọwọ́ kí n ṣẹ́ díẹ̀ fún ọrùn ọmọ tuntun.

“Mọ́mì, rárá o!” ni Kúnlé ké. “Wọ́n ń mú ènìyàn nítorí ẹ̀. Àti pé bí ẹ bá gbé e délé, á kú, á funfun, á máa rùn.”

Ó wá ṣàlàyé pé òkè rẹ̀ nìkan ló wà láàyè. Gbogbo ìsàlẹ̀, gbogbo ibi tí a dúró lé yẹn, egungun àwọn tó ti kú ni. Àwọn alààyè kọ́lé sórí egungun àwọn tó ṣáájú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ògiri náà ṣe ga títí tó fi ń gba ìgbì dúró.

Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́ láàárín òkun. Mo ní ẹ rí i! Òkú ló ń di etí omi mú. Ẹni tó bá wà níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Lójú mi, èsì Bùọ̀dá ti dé. Mo ti ń wá fóònù nínú àpò Fúnmi láti pè é pé a kò ní hú yín, ibi tí ẹ wà ni ẹ ó wà, ká kúkú gbé síméńtì tó nípọn lé yín lórí. Kúnlé kò dákẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n àwọn alààyè kì í dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú òkú o, bí omi bá ti ń jìn sí i, òkè ni wọ́n ń kọ́ lọ, nítorí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni wọ́n ń wá. Ó ní èyí tó bá dúró sínú òkùnkùn nísàlẹ̀ á kú. Inú bí mi sí i. Ta ló bi í? Mo ní a ti gbọ́, ọ̀gá olùkọ́, jẹ́ ká padà síbi tí ilẹ̀ gbé gbẹ.

A kò tíì dé etí iyanrìn tí Màmá fi pè. Ẹ mọ̀ pé kì í pe ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ńlá nìkan ló ń mú un tẹ fóònù.

“Ọ̀kún o, Ìyá Fúnmi,” ó ní. “Omi ti dé gọ́tà o. Ọ̀pọ̀lọ́ ti wọlé.”

Mo pariwo mọ́ ọn. Bàbá, mo pariwo mọ́ ìyá mi lójú àwọn ọmọ mi àti àwọn àjèjì. Mo ní kí ni ó tún ń ṣe níbẹ̀, ṣé a kò sọ fún un ni, ṣé ó fẹ́ kí a wá máa wá òun lójú odò ni, ṣé ọ̀rọ̀ Bàbá pé kí a má gbé wọn kúrò níbẹ̀ ló tó kí òun kú fún? Ó jẹ́ kí n pariwo tán. Mo ń gbọ́ ohùn ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

“Ta ló bá ọ sọ ti odò?” ó ní. “Èmi kò fẹ́ràn odò yẹn rí. Ẹ̀fọn ni mo rí he níbẹ̀. Bàbá yín ló ni odò.”

Mo bi í pé kí ló wá dá a dúró.

“Ní ìrọ̀lẹ́ mo máa ń gbé àga sítòsí rẹ̀, mo máa ń sọ bí ọjọ́ ṣe lọ fún un. Ohun tí mo jẹ, ẹni tó kí mi, ẹni tó kọjá tí kò kí mi. Bí ẹ bá gbé e lọ sí Ìjùmú, tí ẹ gbé èmi lọ sí Lokongoma, ṣé Dàpọ̀ yóò máa wà mí lọ sí Ìjùmú ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀?”

Mo ní, “Màmá, kí ló dé tí ẹ kò sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ kò bi mí. Odò lẹ ń jà lé, Ìjùmú lẹ ń jà lé. Ibi tó bá wà ni mo wà, ìyẹn náà ni. Ọmọ náà ńkọ́? Ṣé ó ń mu ọyàn?”

Ó pa fóònù. Mo dúró sójú kan fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ yìí. Omi òkun ti ń padà bọ̀, ó ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi, Fúnmi ń fà mí lápá.

Látìgbà náà ni mo ti wà lábẹ́ igi àgbọn yìí, tí mo ń kọ̀wé sí yín, tí mo ń dìde, tí mo ń jókòó. Inú ń bí mi sí yín, Bàbá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ẹ ń fi ọwọ́ ọbẹ̀ tọ́ka sí abẹ́ igi yẹn, ṣé ẹ ro ti obìnrin tó dúró lẹ́yìn yín pẹ̀lú omi ìfọwọ́? Ẹ fẹ́ odò, ẹ rí odò. Bùọ̀dá fẹ́ ilé bàbá, kí àwọn ará Ìjùmú má bàa fi í ṣẹ̀sín. Èmi fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo pa ọ̀rọ̀ bàbá mi mọ́. Èwo nínú wa ló fẹ́ nǹkan kan fún Màmá? Ó fi okùn aṣọ so yín mọ́ igi, a sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Bí mo bá pa ọ̀rọ̀ yín mọ́, omi á gbé e. Bí mo bá tẹ̀lé Bùọ̀dá, á kú sí Lokongoma láìsí omi kankan, lórí bẹ́ẹ̀dì tuntun, lábẹ́ fáànù.

Mo ní ilẹ̀ ní Felele, ní Lọ́kọ́jà níbẹ̀ náà. Mo ti kọ́lé síbẹ̀, kò tóbi, yàrá mẹ́ta ni. Òkè ni, omi kì í dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu mi látìgbà tí Màmá ti pa fóònù, mo ń bẹ̀rù láti sọ ọ́ jáde nítorí n kò gbọ́ ibi tí wọ́n ti ṣe é rí nílé wa. Ta ló ń sin bàbá sí ilé ọmọ obìnrin?

Ẹ dúró ná, Bàbá. Mo ń bọ̀.

Mo ti dé. Mo rìn dé ibi tí iyanrìn ti parí, mo pe Bùọ̀dá Dàpọ̀. Kò gbà á rárá. Ó ní ṣé mo fẹ́ tẹ́ òun ni, pé òun àkọ́bí wà láyé, kí wọ́n wá gbé bàbá lọ sí ilé àbúrò òun obìnrin, kí àwọn ará ilé máa wí pé Dàpọ̀ kò ní ilẹ̀ tó lè gba òkú bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún nítorí òótọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ rántí pé Ìjùmú ló kọ́lé sí, bí gbogbo wa ti máa ń ṣe, ilé oníyàrá mẹ́rìndínlógún tí ẹyẹlé nìkan ń gbé inú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ń háyà ilé ní Lokongoma. Inú ilé onílé kò ṣeé gbẹ́ sàréè sí. N kò sọ ìyẹn fún un. Ohun tí Màmá sọ nìkan ni mo sọ fún un, bó ṣe sọ ọ́ gan-an, títí dórí ẹni tó kọjá tí kò kí i. Mo gbọ́ tí Bùọ̀dá fọn imú.

Ó wá ní, “Iwájú ilé ni àbí ẹ̀yìn?”

Mo ní iwájú ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá tí Màmá yóò máa sùn, kó lè máa bá yín sọ̀rọ̀ lórí ibùsùn bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún. Ó ní kò burú. Ó ní òun á lọ rí Fadá, òun á lọ rí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ fún ìwé àṣẹ, òun á fúnra òun kojú àwọn àgbààgbà, kí n má ṣe dá sí i, nítorí ẹnu mi mú jù. Kò ní dúró de Ọjọ́ Àìkú mọ́, lọ́la náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀.

Torí náà, Bàbá mi, mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí láti bi yín léèrè, n kò sì bi yín mọ́. Mo ń sọ fún yín ni. N kò ní purọ́, ẹ kò ní rí odò ní Felele. Ọ̀nà Àbújá lẹ ó máa gbọ́, ariwo tírélà, àti àwọn ọmọ yunifásítì tí wọ́n ń gun ọ̀kadà kọjá. Kò sí igi fúrúùtù níbẹ̀. Òkè díẹ̀ wà, mo mọ̀ pé ẹ ti rí òkè tó. Àwọn ohun tí ẹ fẹ́ràn, mo ti gbà wọ́n lọ́wọ́ yín, n kò sì lè fi ohun kankan dí wọn fún yín àyàfi ohùn ìyàwó yín ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù tó ń bà mí, òun ló sì jẹ́ kí n dìde lórí ẹní yìí lẹ́ẹ̀kan sí i báyìí. Àwọn àgbà máa ń sọ pé òkú tí kò bá fẹ́ lọ, ó máa ń wúwo. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà á gbé e, kò ní gbéra, wọ́n á máa làágùn, wọ́n á máa wo ojú ara wọn. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mo jìnnà, n kò ní sí níbẹ̀ láti bẹ̀ yín. Bùọ̀dá ni yóò gbé ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀yìn sì ti ń dùn ún. Màmá ni yóò dúró sítòsí, á máa wò, á máa wá àmì bóyá ẹ fẹ́ bá òun lọ àbí ẹ kò fẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí, mo wà níhìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, nítorí Ọlọ́run, nítorí obìnrin yẹn, ẹ fúyẹ́. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fúyẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Èmi ni, alágídí ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò sì tíì jókòó.